Àìsàn Èémí Tó Ń Ràn Nínú Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbà: Ohun Tó Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ àti Ẹbí Mọ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2022 tí ìjọba Bìrìtéènì ti ṣí físà ìlera àti ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú àgbà, títí di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá láti òkèèrè, ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó pọ̀ jù lọ tó gba ọ̀nà náà wọlé. Àwọn ọmọ Yorùbá kò sì kéré nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wẹ àgbà, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ, kí wọ́n gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Iṣẹ́ tó mú ojú òṣìṣẹ́ àti ojú àgbà súnmọ́ ara wọn tó báyìí, kò sí bí àìsàn tí ń gba afẹ́fẹ́ ràn kò ṣe ní kàn án.

Àwọn mìíràn nínú wa náà ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti dàgbà sí ìlú òyìnbó, tó sì wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ báyìí. Nítorí náà ni a ṣe pín àlàyé yìí sí ìsọ̀rí, kí ẹni tó bá ń wá ohun kan nínú rẹ̀ lè tètè rí i.

1. Ìdí tí àìsàn èémí fi ń yára mú àgbà

Ohun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀. Èkíní ni ara àgbà fúnra rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà a máa dínkù. Ikọ́ tí ọ̀dọ́ fi ń lé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde kì í lágbára mọ́ lọ́dọ̀ àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nílé ìtọ́jú ló tún ní àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ìgbàgbé.

Èkejì ni ilé náà. Ogójì tàbí ọgọ́ta ènìyàn ń jẹun nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n pọ̀, wọ́n sì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Nígbà òtútù, fèrèsé kì í ṣí.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tó ń tọ́jú wọn. Òṣìṣẹ́ kan lè wẹ ènìyàn mẹ́fà ní òwúrọ̀ kan. Ohun tó bá gbé láti yàrá kìíní lè dé yàrá kẹfà kí aago mẹ́wàá tó lù. Àwọn àgbà wa sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Nínú ilé ìtọ́jú àgbà, ikọ́ ẹnì kan kì í ṣe ti ẹnì kan.

2. Àwọn àìsàn náà

Flúù. Èyí kì í ṣe ọ̀finkìn lásán tó ń mú kí imú ṣomi. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní influenza ló ń fà á, ó sì ń yí àwọ̀ padà lọ́dọọdún, èyí ló fà á tí wọ́n fi ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àìsàn èémí tí flúù ń fà ń pa ènìyàn tó tó 290,000 sí 650,000 lágbàáyé lọ́dún kan. Ní àwọn ilẹ̀ tó ti gòkè, àwọn tó ti lé ní ọdún 65 ló pọ̀ jù nínú wọn.

Kòrónà. Àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2019 kò tíì lọ. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé àgbà tó kú nípa rẹ̀ nínú àwọn ilé ìtọ́jú ti ju 160,000 lọ.

RSV. Ọdún 1956 ni wọ́n ti mọ fáírọ́ọ̀sì yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí àìsàn ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àgbà bákan náà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún àwọn tó ti pé ọdún 60. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n sì fi àwọn ẹni ọdún 75 sí 79 àti àwọn aláboyún ṣáájú.

Òtútù àyà. Èyí ni kí ẹ̀dọ̀fóró kún fún omi àti ọyún. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní pneumococcus ló sábà máa ń fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, flúù ló máa kọ́kọ́ la ọ̀nà sílẹ̀, bakitéríà náà á sì tẹ̀lé e wọlé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Òtútù àyà mìíràn tún wà tí kì í ràn rárá: èyí tó ń wáyé nígbà tí oúnjẹ tàbí itọ́ bá pá àgbà lórí, tó sì gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹnu. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí rọpárọsẹ̀ tàbí ìgbàgbé ti ba bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì jẹ́.

Àrùn Legionella. Bakitéríà inú omi ló ń fà á. Kì í ràn láti ara ènìyàn sí ara ènìyàn. Ìkùukùu omi tó ti bàjẹ́ láti ẹnu ṣáwà tàbí ẹ̀rọ tó ń fi omi mú ilé tutù ni ènìyàn máa ń fà símú. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tó kọlu àwọn ológun fẹ̀yìntì tó ṣe ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia.

Ikọ́ ife, tí àwọn mìíràn ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Àgbà lè ti kó o láti ìgbà èwe, kí ó sùn sí i lára fún ọdún 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá jí nígbà tí ara bá rẹ̀. Ní Arkansas ní Amẹ́ríkà, Dókítà William Stead ló fi hàn nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1980 pé irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ ń ràn láàrin àwọn àgbà nínú ilé ìtọ́jú. Nítorí náà, ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹni náà sì ń rù, kí á má kàn máa fi omi ṣúgà ikọ́ tì í.

3. Àmì tó máa ń fara pamọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. A mọ̀ pé ẹni tó bá ní àìsàn yóò gbóná, yóò wúkọ́, yóò sì sọ pé àyà ń dun òun. Àgbà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ lè má gbóná tó ti ọ̀dọ́. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa àrùn tó ń ràn ní Amẹ́ríkà sọ pé fún àgbà tó wà nílé ìtọ́jú, kí ara rẹ̀ kàn ti ju 37.8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, ibà ni. Bí ó bá sì ń mí ní ìgbà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n fura sí òtútù àyà.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- àgbà tó ń jẹun dáadáa lánàá, tó kọ oúnjẹ lónìí;
- ẹni tó ń dá ènìyàn mọ̀, tó ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ;
- ẹni tó ń rìn, tó ṣubú láìnídìí;
- ẹni tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò sì fẹ́ dìde;
- ètè tàbí èékánná tó ń dúdú tàbí tó ń ṣe àwọ̀ búlúù.

Nọ́ọ̀sì ń lọ, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń wẹ àgbà lójoojúmọ́ ló mọ̀ pé ara màmá yìí kò rí bẹ́ẹ̀ lánàá. Kí ó má rò pé ọ̀rọ̀ òun kéré. Kí ó sọ ọ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ilé náà, pẹ̀lú aago.

4. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, àìsàn àìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn àgbà ní Seven Oaks, ilé ìtọ́jú kan ní Toronto ní Kánádà. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé Legionella ni, àti pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù ló ń tú u sínú afẹ́fẹ́. Ènìyàn 135 ló kó o, nínú wọn ni òṣìṣẹ́ àti àlejò wà. Àgbà 23 ló kú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn aláṣẹ ìlera kéde pé kòrónà ti wọ Life Care Center tó wà ní Kirkland, nítòsí Seattle ní Amẹ́ríkà. Títí di ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ènìyàn 167 ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó kan: àgbà 101, òṣìṣẹ́ 50 àti àlejò 16. Nínú àwọn àgbà náà, ó ju ẹnì kan nínú mẹ́ta tó ti kú ní ọjọ́ yẹn. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo ohun tó gbé àrùn náà láti ilé kan dé òmíràn ní agbègbè yẹn, wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kan wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú àìsàn, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé méjì tàbí mẹ́ta, ohun ààbò ara kò sì tó.

Ní ilé mìíràn ní agbègbè kan náà, wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún àgbà 76. Àrùn náà wà lára 48. Nínú àwọn 48 yìí, 27 kò ní àmì kankan lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n 24 nínú wọn ni àmì wá hàn lára wọn lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá dúró kí ó rí ikọ́ kí ó tó ṣọ́ra ti pẹ́ jù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹ̀kọ́ náà ní kíákíá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn tètè tú bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, wọ́n sì ń kó àwọn àgbà padà sí ilé ìtọ́jú láìṣe àyẹ̀wò fún wọn. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni ìjọba tó sọ pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò ṣáájú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìlú Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé ìlànà náà kò bá òfin mu, nítorí pé ìjọba kò ka ewu àwọn tí kò ní àmì àìsàn sí.

5. Òṣìṣẹ́ tó ń wúkọ́ àti owó rẹ̀

Àgbà tó wà nílé ìtọ́jú kì í jáde lọ sí ọjà. Àrùn ló ń wá a wálé, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, àlejò, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Òṣìṣẹ́ kò sì ń ṣe é láti ṣe ìkà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa. Owó àìsàn tí òfin là sílẹ̀ ní Bìrìtéènì kéré gan-an sí owó iṣẹ́. Ẹni tó ń san owó ilé, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, tí físà rẹ̀ sì so mọ́ agbanisíṣẹ́ rẹ̀, yóò gbé panadọ́ọ̀lù mì, yóò sì lọ ṣe ṣíìfù rẹ̀. Ìwádìí Vivaldi tí ìjọba gbé jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2020 lórí àwọn ilé ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn: níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti ń gba owó nígbà àìsàn, kòrónà kò pọ̀ lára àwọn àgbà tó bí ó ṣe pọ̀ níbi tí wọn kì í ti í san án. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń lo àwọn òṣìṣẹ́ àdàpè tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn lójoojúmọ́, ó pọ̀ jù.

Ìmọ̀ràn wa fún òṣìṣẹ́ ni pé kí ó ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí àìsàn tó dé, kí ó mọ ohun tó tọ́ sí i. Bí ara kò bá yá, kí ó pe ilé iṣẹ́ kí ṣíìfù tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ ní kíkọ. Àmáánà ni ẹ̀mí àgbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún agbanisíṣẹ́, àwa ń sọ pé ẹni tó bá ń fi ebi dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn, òun gan-an ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn.

6. Ọ̀nà ààbò

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣáájú. Ti flúù àti kòrónà fún àgbà gẹ́gẹ́ bí ìjọba ibẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀, ti pneumococcus àti ti RSV fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kòrónà kọ́kọ́ dé Bìrìtéènì ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn àgbà inú ilé ìtọ́jú àti àwọn tó ń tọ́jú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sórí ìwé. Òṣìṣẹ́ náà kí ó gba tirẹ̀, nítorí ara tó ti gbó kì í fi gbogbo agbára dáhùn sí abẹ́rẹ́, ara ọ̀dọ́ tó yí i ká ló ń di odi fún un. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ abẹ́rẹ́ kòrónà di dandan fún òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, wọ́n sì fagi lé e ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2022. Àṣẹ ti lọ, àǹfààní rẹ̀ kò lọ.

Àwọn kan máa ń bi wá bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé kò bà á jẹ́, nítorí kì í ṣe oúnjẹ, kò sì gba ọ̀nà oúnjẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó gbà á lẹ́yìn ìṣínu.

Afẹ́fẹ́ ló tẹ̀lé e. Kí wọ́n ṣí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́, kódà nígbà òtútù, kí wọ́n wọ aṣọ tó nípọn fún àgbà. Ìbòmú ṣe pàtàkì nígbà tí àìsàn bá ti wà nínú ilé. Ọwọ́ fífọ̀ sì wà láàrin àgbà kan sí èkejì, kì í ṣe ní ìparí iṣẹ́ nìkan. Ìbọ̀wọ́ kò rọ́pò rẹ̀.

Ẹnu àgbà kò gbọ́dọ̀ di ohun ìgbàgbé. Ní Jàpáánì, wọ́n ṣe ìwádìí nínú ilé ìtọ́jú 11, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Láàrin àwọn tí wọ́n ń fọ ẹnu wọn lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, òtútù àyà mú 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàrin àwọn tí wọn kò ṣe é fún, ó mú 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà rí èrè tó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi díẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kí àgbà jókòó dáadáa nígbà tó bá ń jẹun, kí wọ́n má sì tètè dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Oògùn tún wà, àkókò rẹ̀ ló ṣòro. Oseltamivir tí wọ́n ń lò fún flúù ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin wákàtí 48. Ìlànà àjọ CDC ní Amẹ́ríkà ni pé bí àgbà méjì bá ṣàìsàn láàrin wákàtí 72, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé flúù ni ti ẹnì kan nínú wọn, kí wọ́n fún àwọn tó kù ní oògùn náà láti fi dáàbò bò wọ́n, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Oògùn antibáyọ́tíìkì kò pa fáírọ́ọ̀sì. Ti bakitéríà nìkan ni, dókítà ló sì yẹ kí ó sọ.

7. Ìbéèrè tí ẹbí yẹ kí ó bi ilé ìtọ́jú

- Abẹ́rẹ́ wo ni bàbá tàbí màmá wa ti gbà, ọjọ́ wo ni?
- Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wákàtí mélòó ni ẹ fi ń ṣe àyẹ̀wò?
- Ṣé òṣìṣẹ́ yín ń gba owó bí ó bá ń ṣàìsàn?
- Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ yín tún ń ṣiṣẹ́ ní ilé mìíràn?
- Ta ló ń ṣàyẹ̀wò omi ṣáwà, ìgbà wo ló ṣe é kẹ́yìn?
- Bí àìsàn bá wọ ilé, báwo la ṣe máa rí ènìyàn wa?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí wúwo. Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ àgbà ló kú láìrí ojú ọmọ wọn, ìdánìkanwà sì ń pa ènìyàn bí ikọ́ ṣe ń pa á. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òfin ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àgbà gba àlejò, àfi bí ìdí tó lágbára gidi bá wà. Kí ẹbí mọ ẹ̀tọ́ yìí, kí wọ́n sì lò ó pẹ̀lú ìbòmú àti ọwọ́ tó mọ́.

8. Nílé tiwa ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ ọmọ ni ọ̀pọ̀ àgbà ń gbé, ilé ìtọ́jú kò sì tíì pọ̀. Àmọ́ àìsàn kò mọ ìyàtọ̀. Ìyá àgbà tó ń sùn nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin, tí èéfín ìdáná ń wọlé bá a, ewu tirẹ̀ kò kéré. Kí ọmọ tó ní ọ̀finkìn má sùn ti ìyá àgbà. Kí á gbé ìdáná jìnnà sí fèrèsé rẹ̀. Bí ó bá kọ oúnjẹ, tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ, kí á má dúró de ibà.

Ìbẹ̀wò aláìsàn jẹ́ ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wúkọ́, kí ó pe àgbà lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó fi àdúà ránṣẹ́, kí ó sì lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ìyẹn náà jẹ́ ìtọ́jú òbí.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn àgbà wa ní àlàáfíà, kí Ó dá ààbò bo àwọn ọmọ wa tó ń tọ́jú àgbà ẹlòmíràn ní ilẹ̀ àjèjì, kí Ó sì san wọ́n ní ẹ̀san rere. Àmín.